Ẹni Tó Ń Fági Lọ́sàn-án

Tábìlì náà ṣì wà nínú ìjọ wa ní Agbonou, nílùú Atakpamé. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni mo fẹ́ pa, kó lọ fọwọ́ kàn án. Kó gbé rúlà irin lé e, kó bẹ̀rẹ̀, kó wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ á yọ lábẹ́ rẹ̀. Eugène ni orúkọ mi. Díákónì ni mí, mo sì mọ ohun tó ń dúró de ahọ́n èké. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, àti èyí tí ojú mi kò rí, nítorí pé mo kọ ẹ̀yìn sí i.

Ọdún ọ̀dá ni. Odò gbẹ. Iná mànàmáná ń lọ, ó ń bọ̀, bó ṣe wù ú. Ọyẹ́ jókòó sórí òkè Atakpamé, kò fẹ́ dìde. Èmi àti Múítì la jọ ni ilé iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà kan lẹ́bàá títì, níbi tí èèyàn ti ń wọ Agbonou. Ọmọ Ifẹ̀ ti apá ibí ni mí, ilé ìwé ìjọ ni mo lọ. Ọmọ ilé kéú ni Múítì. Ṣakí ni bàbá rẹ̀ ti wá ta aṣọ lọ́jà Atakpamé, tí kò sì padà mọ́. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà la ti kọ́ṣẹ́: Gérard, tí gbogbo wa ń pè ní Pàtírọ̀n. Kátólíìkì ni òun, ọlọ́wọ́ òsì sì ni. Nígbà tó kú, Màmá Léonie, ìyàwó rẹ̀, fún wa ní kọ́kọ́rọ́ ilé iṣẹ́, ọ̀kan fún èmi, ọ̀kan fún Múítì.

"Ẹ má pín in o," ló sọ. "Ẹ jọ máa ṣe é."

A sì jọ ń ṣe é. Mo ń pe Múítì ní Àlàájì, ẹni tí kò rí Mẹ́kà rí àfi nínú fọ́tò. Òun náà ti ń pè mí ní Díákónì kí ìjọ tó fi mí jẹ ẹ́ rárá. Mi ò ní ẹ̀gbọ́n, mi ò ní àbúrò. Múítì ni mo ní.

Ẹ̀rọ ìfági tí Pàtírọ̀n fi sílẹ̀ la fi ń jẹun. Irin ni, àwọn Faransé ló gbé e wọ̀lú. Ó ní pẹpẹ irin méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Láàárín wọn ni irin roboto kan ń yí, tó gbé ọ̀bẹ dání. Èèyàn á ti pákó láti orí pẹpẹ iwájú, ọ̀bẹ á fá a lábẹ́, pákó á wá gun pẹpẹ ẹ̀yìn. Bí pẹpẹ méjèèjì bá dọ́gba, pákó á tẹ́ bí omi inú àwo. Bí wọn ò bá dọ́gba, àbùkù wọn náà ni pákó máa gbé jáde.

Pàtírọ̀n kọ́ wa bí a ṣe ń dán an wò. Fá pákó méjì. Dojú wọn kọra. Gbé wọn síbi ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gba àárín wọn kọjá, wọn ò tíì tẹ́.

"Rúlà lè gbè sẹ́yìn ẹnì kan," ni Pàtírọ̀n máa ń wí. "Ojú méjì tó bá kọra wọn kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni."

Lọ́dún yẹn, Pásítọ̀ wa gan-an ló wá bá mi. Ìjọ fẹ́ tábìlì ìdàpọ̀ mímọ́ tuntun, igi tíìkì, kó wà nílẹ̀ ṣáájú Ìkórè. Mo dúpẹ́ títí omi fi bọ́ lójú mi.

Pákó àkọ́kọ́ tí mo fá, ó jin láàárín. Mo fá èkejì. Ó jin láàárín. Mo dojú wọn kọra, mo gbé wọn sókè. Ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan gùn gbọọrọ láàárín wọn, bí ojú ẹni tó ń díbọ́n pé òun ń sùn.

Múítì gba pákó náà lọ́wọ́ mi. Ó tì í kọjá. Ó tẹ́.

"Báwo lo ṣe ṣe é?"

"Mo tì í ni."

"Èmi náà tì í."

"Ìwọ ò tì í, Díákónì. Ńṣe lo gbọ́wọ́ lé e bí ẹni tó ń gbàdúrà fún aláìsàn. O tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí wíwọ́ rẹ̀ fi sá pamọ́. Bó bá kọjá ọ̀bẹ tán, á tún dìde." Ó rẹ́rìn-ín. "Igi kì í ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀. Fi í lọ́rùn sílẹ̀. Bó bá ti gun pẹpẹ ẹ̀yìn, ibẹ̀ ni kó o gbọ́wọ́ lé."

Mo ṣe bó ṣe wí. Ó ṣì jin. Mo tú àwọn ọ̀bẹ, mo pọ́n wọn títí wọ́n fi ń gé irun apá mi. Mo dá wọn padà, mo rí i dájú pé ọ̀kan ò yọ ju èkejì lọ. Mo tún pẹpẹ ẹ̀yìn ṣe kó bá ẹnu ọ̀bẹ dọ́gba. Ó ṣì jin. Múítì ti tirẹ̀ kọjá. Ó tẹ́.

Ibẹ̀ ni èrò náà ti wọlé sí mi.

Wọ́n ti wàásù rẹ̀ fún wa tipẹ́ pé ọ̀tá kì í kan ilẹ̀kùn. Yíyọ́ ló máa ń yọ́ wọlé. Kí ló dé tí irin yóò fi mọ ọwọ́ ẹnì kan yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn? Kí ló dé tó jẹ́ tábìlì Olúwa ni nǹkan yìí dé bá? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ Múítì. Mo ń wo bó ṣe ń wọ abẹ́ ẹ̀rọ láti gbálẹ̀, àti bó ṣe ń pẹ́ níbẹ̀. Bó bá ń kírun, mo ń tẹ́tí sí ẹnu rẹ̀. Bó bá ṣẹ̀fẹ̀, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó rí i.

Níbi tiwa, ọ̀sán ni gbogbo nǹkan ń dákẹ́. Bí oòrùn bá ti kan àtàrí, ọ́fíìsì á tì, ọlọ́jà á da aṣọ bo ọjà rẹ̀, ewúrẹ́ á wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ sùn. Títí oòrùn á fi yẹ̀ díẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ àfi Justine ẹlẹ́wà lódìkejì títì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Múítì lọ jẹun nílé. Èmi dúró. Mo sùn sílẹ̀ gbalaja, mo yọrí wo abẹ́ ẹ̀rọ.

Lábẹ́ òpin pẹpẹ ẹ̀yìn, níbi tí irin ti jókòó lórí irin, nǹkan dúdú kan wà. Aṣọ ni. Wọ́n ká a kékeré, wọ́n fi okùn wé e. Mo tú nọ́ọ̀tì tó de pẹpẹ náà mọ́lẹ̀, mo fà á yọ. Irin tutù nítorí ọyẹ́. Aṣọ yẹn lọ́wọ́ọ́wọ́.

"Tírà," mo sọ ọ́ jáde lẹ́nu, èmi nìkan.

Nígbà tí Múítì dé, mo nà án sí i.

"Kí lèyí, Àlàájì?"

Ó wò ó. "Níbo lo ti rí i?"

"Ìwọ ni kó o sọ fún mi."

"Tèmi kọ́."

"Nínú àwa méjèèjì, ta ló lè ní tírà?"

"Bàbá mi ò jẹ́ kí tírà wọ ilé wa rí." Ó na ọwọ́. "Dá a padà síbi tó o ti mú un. Ó ti wà níbẹ̀ nígbà ayé Pàtírọ̀n. Mo rí i níbi tí mo ti ń gbálẹ̀. Bóyá òun ló fi gbé pẹpẹ ẹ̀yìn dúró."

"O rí i, o ò sọ fún mi?"

"Mo mọ̀ ẹ́ ni."

Mi ò tú u wò. Wọ́n ti kọ́ wa pé ẹni tó bá ń tú ẹrù ọ̀tá wò ti fẹ́ bá a dúnàá dúrà. Mo kó èérún igi jọ lẹ́yìnkùlé, mo da epo òyìnbó sí i, mo ṣáná, mo jù ú sínú rẹ̀. Kò tètè gbiná. Ó pẹ́ nínú iná bí ẹni tó ń ronú. Nígbà tó wá jó, kò rùn bí aṣọ. Ó ń run bí àbẹ́là tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ pa nínú ilé Ọlọ́run. Mo sọ fún ara mi pé gúlùú tí a fi ń lẹ igi ni.

Múítì dúró lẹ́nu ọ̀nà títí eérú fi balẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ká ẹní rẹ̀, ó mú ayùn rẹ̀.

"Ọ̀bẹ tó ń yí bẹ́ẹ̀ yẹn," ló wí, "kò yẹ kí ẹni méjì tó ń fura síra wọn jọ dúró nídìí ẹ̀."

Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Anié, sílé àwọn àna rẹ̀. Ó mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání. Mo kíyè sí ìyẹn.

Nígbà tí mo gbé rúlà lé pẹpẹ ẹ̀yìn, òpin rẹ̀ ti rọ̀ sílẹ̀. Mo gé agolo wàrà, mo fi ègé rẹ̀ bọ abẹ́ rẹ̀, mo gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ ò fi yọ lábẹ́ rúlà mọ́, láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ní ti ìwọ̀n, ẹ̀rọ yẹn pé. Bí Pàtírọ̀n bá wò ó, kò ní rí nǹkan bá mi wí.

Mo fá pákó. Ó jin ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo yí i padà. Mo gbé ìdí rẹ̀ ṣáájú. Mo pààrọ̀ igi. Kò sí èyí tí kò jin, ojú kan náà ni gbogbo wọn ti ń jin. Ìkórè ń sún mọ́lé. Pásítọ̀ ti ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n tábìlì kọ́ ni kì í jẹ́ kí n sùn. Bí Múítì bá jẹ̀bi, mo ti pàdánù rẹ̀. Bí kò bá jẹ̀bi, èmi ni mo lé e. Mo fẹ́ mọ èwo ni.

Lọ́jọ́ kan, iná ti lọ láti òwúrọ̀. Mo yọ bẹ́líìtì tó ń yí ọ̀bẹ ẹ̀rọ sílẹ̀ kí n lè yẹ ara rẹ̀ wò. Mo gbé pákó kan tí mi ò tíì fá sórí pẹpẹ iwájú. Nígbà tó di ọ̀sán, mo ti ilẹ̀kùn, mo sọdá títì lọ jẹ ẹ̀wà lọ́dọ̀ Justine.

"Fòfó Eugène," Justine wí, bó ṣe máa ń pe gbogbo ọkùnrin tó jù ú lọ, ó ń wọ́n gàrí sí ẹ̀wà mi, "Múítì ti dé ni?"

"Kò tíì dé."

"Ta ló wá ń fági fún yín?"

Mo tẹ́tí. Títì dákẹ́. Ewúrẹ́ kan wúkọ́. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ọ. Èèyàn tó bá ti pẹ́ nídìí ẹ̀rọ yẹn kò lè ṣi ohùn náà gbọ́. Ó máa ń ké tẹ́ẹ́rẹ́ bí pákó bá ti fi ẹnu kan ọ̀bẹ. Lẹ́yìn náà á rẹlẹ̀. Á wá dákẹ́ bó bá ti gun pẹpẹ ẹ̀yìn tán.

"Iná ti dé nìyẹn," mo wí.

Justine nawọ́ sí gílóòbù tó wà lókè orí rẹ̀. Kò tàn.

Ilẹ̀kùn wà ní títì bí mo ṣe tì í. Nínú ilé, kò sí ìró kankan. Bẹ́líìtì wà nílẹ̀ níbi tí mo jù ú sí. Pákó wà lórí pẹpẹ ẹ̀yìn. Wọ́n ti fá a. Mo fọwọ́ kàn án. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́, bí àga tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀. Àmì pẹ́ńsù kan sì wà lójú rẹ̀.

Àmì yẹn, Pàtírọ̀n ló kọ́ wa. Ó dàbí ìwọ̀ apẹja. Ojú tó bá tẹ́ la máa ń kọ ọ́ sí. Èmi àti Múítì, apá ọ̀tún ni ìwọ̀ tiwa máa ń kọ ẹnu sí. Apá òsì ni ti Pàtírọ̀n.

Apá òsì lèyí kọ ẹnu sí.

Mo mú pákó tí Múítì fá tẹ́lẹ̀, mo dojú wọn kọra, mo gbé wọn síbi ìmọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ò yọ. Bíńtín báyìí, kò yọ.

Mo kúnlẹ̀, mo gbàdúrà. Ṣùgbọ́n kí n tó ṣe àmín, èrò mi ti dé Anié. Múítì ní kọ́kọ́rọ́. Múítì mọ àmì. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò, ó lè fi rábó, ìfági ọwọ́ tí kò nílò iná, fá pákó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó tún ṣẹlẹ̀. Mo wọ ọkọ̀.

Abẹ́ igi kan lágbàlá àna rẹ̀ ni mo bá a. Ó fi aṣọ di ọwọ́ ọ̀tún. Àkàndùn ló mú un lọ́mọ-ìka, ọwọ́ náà sì wú.

"Láti ìgbà tó ti dé, ṣíbí ò ṣe é dì mú fún un," ni Sàlímọ́tù ìyàwó rẹ̀ wí. "Èmi ni mò ń fún un lóúnjẹ bí ọmọ ọwọ́."

Mo wo ọwọ́ òsì rẹ̀. Kò sí nǹkan tó ṣe ìyẹn.

Múítì rí ibi tí ojú mi lọ. "Ṣé o wá mú mi ni, Díákónì? Àwọn ṣọ́jà ńkọ́?"

Mo sọ ohun tí mo rí. Kò ṣẹ̀fẹ̀ mọ́.

"Ìwọ náà ní kọ́kọ́rọ́," ló wí.

"Kí lo fẹ́ sọ?"

"O jó nǹkan ẹni ẹlẹ́ni. Ó lè jẹ́ ìwọ lò ń fági, tó o wá ń wá ẹni tó o máa dì í lé lórí."

A wo ara wa. Sàlímọ́tù ló gbà wá.

"Ẹ̀yin ọkùnrin méjèèjì, ẹ lọ bi Màmá Léonie. Ọkọ rẹ̀ ló ni ẹ̀rọ."

Ọjọ́ náà la padà. Màmá Léonie ń pa ẹ̀pà níwájú ilé. Múítì ló bi í bóyá ó mọ aṣọ kékeré kan tó dúdú, tí Pàtírọ̀n fi sábẹ́ ẹ̀rọ. Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀pà.

"Okùn wà lára rẹ̀?"

"Ó wà, Mà."

"Kò dúdú. Òógùn ọrùn rẹ̀ ló sọ ọ́ dúdú. Sikapulẹ́ẹ̀rì rẹ̀ ni."

Mo mọ̀ ọ́n. Aṣọ kékeré méjì tí wọ́n fi okùn so pọ̀, tí àwọn Kátólíìkì ń gbé kọ́rùn títí wọ́n á fi kú. Bí wọ́n bá ká a, ẹni tí kò sí nínú ẹ̀sìn wọn á pè é ní tírà.

"A wá a títí ká lè fi sin ín," Màmá Léonie wí. "Ó máa ń sọ fún mi pé òun ò lè lọ láìsí i. A ò rí i. Bẹ́ẹ̀ la ṣe sin ín." Ó gbójú sókè. "Ẹ rí i? Ẹ gbé e wá fún mi."

Múítì lè sọ ọ́ nígbà yẹn. Gbólóhùn kan péré ló máa gbà á.

"A ń wá a lọ́wọ́, Mà," ló wí. Kò wo ojú mi.

Èmi ò gbà gbọ́ pé aṣọ lè dá òkú dúró lọ́nà ọ̀run. Ẹni tó bá kú ń sinmi, kò níṣẹ́ mọ́ láyé yìí. Mo ti kọ́ ọ, mo ti fi kọ́ ẹlòmíràn. Bí a ṣe ń bọ̀ lójú ọ̀nà, mo ń sọ ọ́ lọ́kàn mi ṣáá.

"Ọ̀la lọ́sàn-án," Múítì wí. "Ìwọ àtèmi. Ká ti ilẹ̀kùn mọ́ra wa. Kọ́kọ́rọ́ méjèèjì á wà nílẹ̀ láàárín wa. Kí n máa wo ọwọ́ ẹ, kó o máa wo tèmi."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe é. Pákó tó kù fún tábìlì, mo gbé e sórí pẹpẹ iwájú láìfá a. Mo yọ bẹ́líìtì, mo gbé e kọ́ ìṣó ara ògiri. Iná ò sí. Mo gbé àpótí ìjókòó méjì kalẹ̀ kí wọ́n dojú kọra. Èmi ni mo yan ibi tí mo jókòó sí. Mo kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀rọ àti fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sójú Múítì, kí n lè rí ojú rẹ̀ dáadáa bó bá fẹ́ tàn mí jẹ. Pẹ́ńsù mi wà létí mi bó ṣe máa ń wà.

Títì dákẹ́. Ewúrẹ́ dákẹ́.

"Ọwọ́ ẹ dà?"

"Òun nìyí. Tìẹ ńkọ́?"

"Òun nìyí."

Mo na ọwọ́, mo di tirẹ̀ méjèèjì mú, àti èyí tí àkàndùn wà. Ó kérora. Mi ò fi í sílẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀.

Kò sí ìró ẹ̀rọ. Igi àti ọ̀bẹ nìkan ni. Ó ké tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn mi. Ó rẹlẹ̀. Atẹ́gùn tútù kan mí sí mi lọ́rùn. Èérún igi kan bọ́ sí mi léjìká, ó gùn, ó rọ̀, kò já. Mò ń pe orúkọ Jésù. Ètè Múítì náà ń sáré lórí àdúrà tirẹ̀. Mo ń wo ojú rẹ̀. Ó ń wo òkè èjìká mi.

Ètè rẹ̀ dúró.

Nǹkan kan kọjá fẹ́rẹ́ létí mi, bí eṣinṣin. Mo gbọ́ pẹ́ńsù lórí igi, ṣíì, ní kúkúrú. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan kan mọ́.

A ò dìde títí Justine fi bẹ̀rẹ̀ sí í polówó ẹ̀wà rẹ̀ lódìkejì títì. Nígbà náà ni mo yí padà. Pákó wà lórí pẹpẹ ẹ̀yìn. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́. Ìwọ̀ kan wà lójú rẹ̀, ó kọ ẹnu sí apá òsì. A dojú rẹ̀ kọ àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìmọ́lẹ̀ ò yọ.

"Pẹ́ńsù ẹ," Múítì wí.

Mo fọwọ́ kan etí mi. Kò sí níbẹ̀. Ó wà lórí pẹpẹ ẹ̀yìn, lọ́wọ́ òsì pákó.

"Kí lo rí?" mo bi í.

"Mi ò rí nǹkan kan. Mo dijú."

A kan tábìlì náà pa pọ̀. Wọ́n yà á sí mímọ́ lọ́jọ́ Ìkórè. Bí Pásítọ̀ ṣe gbọ́wọ́ lé e láti gbàdúrà, ó yára gbé ọwọ́ kúrò, ó wo ọwọ́ náà, ó tún gbé e padà. Múítì ò tún lọ sí Anié mọ́. A ṣì jọ ń ṣiṣẹ́. Ó ṣì ń pè mí ní Díákónì. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án, kì í jókòó síbi tí yóò ti kọjú sí ẹ̀rọ. Mo ti bi í lọ́pọ̀ ìgbà. Mo ti bẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ: òun dijú.

Èmi ò dijú. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lọ́wọ́ mi, mo sì ń wo ojú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó là sílẹ̀. Kò ṣẹ́. Nígbà tí pẹ́ńsù sì dákẹ́, ó mi orí lẹ́ẹ̀kan, bí ọmọṣẹ́ ṣe máa ń mi orí fún ọ̀gá.